Lẹ́tà ṣíṣí sí BBC Two: Ẹsẹ̀ kan tábìlì yín wà ní Èkó

Ẹ̀yin aláṣẹ BBC Two,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta.

Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, kì í ṣe pé n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù, Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì fi ń bá wọn fà á pé kí wọ́n jẹ kárọ́ọ̀tì wọn tán. Àmọ́ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹnu ìyá tó bí ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ, nílé wa ní Abẹ́òkúta, Yorùbá ló sì fi sọ ọ́. Bí mo bá tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, adùn rẹ̀ á lọ. Ẹ kò kúkú ṣaláìní ẹni tó máa kà á fún yín: láti ọdún 2018 lẹ ti ní ẹ̀ka ìròyìn tó ń sọ Yorùbá. Ẹ pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ẹ fún un ní àga àti tíì, kó máa kà á lọ.

Ọ̀rọ̀ The Supersizers, ètò tẹlifíṣọ̀n yín kan, ni mo bá wá. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Ọdún 2008 lẹ gbé abala àkọ́kọ́ jáde, abala kejì tẹ̀lé e ní 2009. Ọmọ mi obìnrin tó ń jókòó tì mí wò ó nígbà náà ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Fún ẹni tí kò bá rí i: Giles Coren, tó máa ń kọ̀wé nípa oúnjẹ sínú ìwé ìròyìn, àti Sue Perkins, aláwàdà, ni wọ́n mú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni àwọn méjèèjì fi ń jẹun bí àwọn ará ayé kan ṣe jẹun. Wọ́n á wọ aṣọ ìgbà náà, alásè kan á máa se oúnjẹ ìgbà náà fún wọn, dókítà á yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí wọ́n bá parí. Lónìí ayé Ọbabìnrin Victoria, lọ́la ayé Elizabeth Kìíní, lọ́túnla ayé ogun Hítílà, títí dé àwọn ọdún 1970, títí dé Róòmù àtijọ́.

Mo fẹ́ràn ètò náà gan-an ni, ẹ má ṣe rò pé èébú ni mo gbé bọ̀. Ìtàn tí wọ́n kọ́ mi nílé ìwé, ọba tó jẹ àti ọdún tó wàjà ni. Kò sí olùkọ́ tó sọ fún wa rí pé kí ni ọba náà jẹ lọ́jọ́ tó gorí oyè, ta ló sè é, ṣé ó tilẹ̀ dùn. Ẹ̀yin gbé ìtàn kúrò nínú ìwé, ẹ kó o sínú ikùn ènìyàn méjì, ẹ ní kí a jókòó ká máa wo bó ṣe ń dà. Nígbà tí mo rí bí ẹran ṣe ń tẹ̀lé ẹran lórí tábìlì àwọn olówó ayé àtijọ́, tí ẹ̀fọ́ wá dà bí àlejò tí wọn kò ránṣẹ́ pè, ohun tí mo mọ̀ nípa àwọn ènìyàn yẹn ní wákàtí kan ju èyí tí mo mọ̀ nínú ìwé lọ.

Nǹkan kan ṣáá wà tó ń yọ mí lẹ́nu. Ẹni tó ń jẹun máa ń wo àwo. Alásè kì í wo àwo, ibi tí nǹkan inú àwo ti wá ló ń wò. Níbi iṣẹ́ mi, kí n tó gbé ìkòkò kaná, mo gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó kó ẹran wá, ọjọ́ tó kó o wá, iye tó gbà. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé àwo tuntun síwájú àwọn méjèèjì, tí ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, ìbéèrè kan náà ni mo ń bi tẹlifíṣọ̀n: ta ló gbé èyí wá?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi ogun, torí òun ló sún mọ́ wa jù. Ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1940 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn oúnjẹ fún aráàlú. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, bọ́tà àti ṣúgà ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n. Kò pẹ́ tó kan ẹran yòókù, tíì, wàràkàṣì àti ọ̀rá tí wọ́n fi ń dín nǹkan. Olúkúlùkù ní ìwé kékeré kan tó ń mú lọ sílé ìtajà. Òṣùwọ̀n náà ń yí padà, àmọ́ ohun tó ń kan àgbàlagbà kan lọ́sẹ̀ kan kì í sábà ju báyìí lọ: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ áúǹsì 4, ṣúgà áúǹsì 8, tíì áúǹsì 2, bọ́tà áúǹsì 2, mágárínì áúǹsì 4, ẹyin kan bí ó bá wà. Áúǹsì méjì bọ́tà kò tó gíráàmù 60. Mo ti rí ọmọ ilé ìwé tó fi ìyẹn pa búrẹ́dì ẹyọ méjì.

Lord Woolton ni mínísítà tó ń bójú tó oúnjẹ nígbà náà, páì kan tí kò lẹ́ran nínú ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Mo ti sè é rí, fún kíláàsì kan tó ń kọ́ nípa ogun: ọ̀dùnkún, kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà, gbogbo ẹ̀ rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Ọmọ mẹ́ta péré ló jẹ ẹ́ tán. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ní kò yẹ kí wọ́n máa da oúnjẹ nù. Oṣù Keje 1954 ni wọ́n tó já ẹran sílẹ̀ pé kí ẹni tó bá lówó máa ra iye tó wù ú, nígbà tí ogun ti parí láti ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹ wá padà wo òṣùwọ̀n yẹn. Bọ́tà 2, mágárínì 4. Bọ́tà, màlúù ló ni ín, màlúù sì wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mágárínì ńkọ́? Òróró ni wọ́n mú le títí tó fi dà bí bọ́tà, kò sì sí igi ọ̀pẹ kan ṣoṣo láti Dover dé Scotland. Epo pupa, àdín inú èkùrọ́, òróró ẹ̀pà: púpọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ti ń wá. Màláyà àti Sùmátírà náà ń fún ayé lépo nígbà kan, àmọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì 1942, Singapore bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jàpáànù, ọ̀nà ìhà ibẹ̀ sì dí. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ wa. Lọ́dún náà ni ìjọba gbé West African Produce Control Board kalẹ̀, àjọ tó ń ra epo, èkùrọ́ àti ẹ̀pà tó bá fẹ́ kúrò nílẹ̀ wa ní iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ bù lé e. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé pàápàá máa pa èkùrọ́ láti fi bá Hítílà jà. UAC, ilé iṣẹ́ tó ń ra epo lọ́wọ́ àwọn bàbá wa, ọmọ Unilever ni. Unilever sì ni àgbà láàárín àwọn tó ń ṣe mágárínì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ra epo àti ẹni tó ta mágárínì, ilé kan náà ni wọ́n ń sùn.

Àwa fúnra wa kì í tilẹ̀ pè é ní mágárínì. Nígbà tó padà wá sọ́dọ̀ wa, tó ń jẹ́ Blue Band, bọ́tà la pè é. Mo ti di àgbà, mo ti dé Lọ́ńdọ̀nù, kí n tó mọ̀ pé ohun tí mo fi ń pa búrẹ́dì láti kékeré kò mọ màlúù rí, pé ìbátan epo inú ìgò ìyá mi ni.

Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti pa èkùrọ́ rí? Òkúta kan á wà nísàlẹ̀, òmíràn á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìka ọwọ́ òsì lá di èyí tí ẹ fẹ́ pa mú láàárín. Bó bá yọ̀, ìka ló kù. Ẹ ó pa á láti àárọ̀ títí dọ̀sán, ohun tó wà nínú igbá kò ní bo ìdí igbá. Mo pa á rí ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, bí eré bí eré, ní oko àbúrò bàbá mi. Èékánná àtàńpàkò mi kan kò tọ́ títí dòní.

Ohun tó ń kúrò lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ohun tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni iyọ̀.

Láti ayé ìṣòwò epo, kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó ní 1861, ni ọkọ̀ ti ń kó iyọ̀ ilẹ̀ Cheshire gba Liverpool wá sí etíkun wa. Iyọ̀ bọ̀, epo lọ. Nígbà tí ogun dé, tí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì ń ri ọkọ̀ sínú òkun, tí èyí tó kù sì ní ẹrù ogun láti kó, iyọ̀ wọ́n bí ojú. Ìyá ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́mọ ogún ọdún nígbà náà. Bó bá ń sọ̀rọ̀ ogun Hítílà, kì í sọ ti bọ́ǹbù, kò rí bọ́ǹbù kankan. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ló máa ń sọ. Ó ní àtẹ́ ni wọ́n ń se ọbẹ̀ nínú agbo ilé wọn. Tí wọ́n bá bu ọbẹ̀ tán, ìyálé ilé á tú ìdì kékeré kan tó so mọ́ etí ìró rẹ̀, á fi ìka méjì ṣa iyọ̀ díẹ̀, á wọ́n ọn sórí ọbẹ̀ bàbá. Lẹ́yìn náà ló máa kan àwọn àgbà. Àwọn ọmọ kò ní rí tiwọn lórí ọbẹ̀: wọ́n á yọ ahọ́n síta, ìyálé á fi ìka kàn án, wọ́n á sì yára fi òkèlè tẹ̀lé e kí iyọ̀ tó yọ́. Ó ní ọmọ kan wà tó máa ń fi tirẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí oúnjẹ á fi tán. Títí ó fi kú ni kò sọ orúkọ ọmọ náà fún mi, àmọ́ mo mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tó bá dé ibẹ̀.

Iyọ̀ kò tán nílé rẹ̀ mọ́ láé. Àpò iyọ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó wà nínú àpótí aṣọ níbi tí àwọn ìyá ẹlòmíràn ń kó wúrà sí.

Ẹ̀yin ní iyọ̀, ẹ kò rí ọ̀rá. Àwa ń pa èkùrọ́, ọbẹ̀ wa wà ní àtẹ́. Ogun kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà, ọkọ̀ ojú omi kan náà tí kò tètè dé.

Ìrẹsì ni ìyá ìyá mi ń tà, ìrẹsì abẹ́lé, èyí tí ayé ń pè ní Ọ̀fàdà báyìí tí wọ́n ń tà ní owó gọbọi. Ìjọba fẹ́ ìrẹsì náà fún àwọn ọmọ ogun, obìnrin Ẹ̀gbá tó bá ru igbá ìrẹsì dání sì lè délé láìsí igbá, láìsí owó. Ó ṣẹlẹ̀ sí òun náà lẹ́ẹ̀kan. "Wọ́n" ló ń pe àwọn tó gbà á, kò fún wọn ní orúkọ míì. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì yìí wà lára ohun tó mú kí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó ń kó àwọn ọ̀mọ̀wé obìnrin jọ tẹ́lẹ̀, dojú kọ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ọjà. Ibẹ̀ ni wọ́n sì gbà dé ọ̀rọ̀ owó orí tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949.

Ní Èkó, gaàrí ló dìjà. Ọkùnrin aláṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní Kápútéènì Pullen ni wọ́n fi ṣe alábòójútó oúnjẹ. Ó bu iye lé gaàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iye náà kò tó ohun tí gaàrí fúnra rẹ̀ ń ná alágbàtà láti oko dé ọjà. Kí ni obìnrin ọjà á ṣe? Gaàrí pòórá lórí àtẹ, ó di ohun tí wọ́n ń tà lóru láti ẹ̀yìnkùlé. Ará Èkó tó sì fẹ́ ra á ní iye ìjọba ń tò síwájú ìsọ̀ ìjọba. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ní ọjà Ẹrẹ́kò, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, kò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ èrè mọ àdánù. Ó sọ fún Pullen pé rárá, ó sì dúró lórí rárá náà títí wọ́n fi gbé ètò ọ̀hún kúrò ní 1945. Ọdún yẹn kan náà, láti oṣù Kẹfà, ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà nítorí oúnjẹ ti wọ́n tí owó oṣù kò sì gbéra.

Ṣé ẹ rí i pé oúnjẹ ni gbogbo èyí? Kì í ṣe pé mo ti yà kúrò lórí ètò yín lọ sórí òṣèlú. Gaàrí ni, ìrẹsì ni, epo ni, iyọ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ tí Lọ́ńdọ̀nù ń fi mágárínì pa búrẹ́dì dúdú náà ni, ó kàn jẹ́ pé ẹsẹ̀ tábìlì náà kan wà ní Èkó.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ó ní ẹ ti ṣe irú rẹ̀. Òótọ́ ni, ní 2016 ẹ mú ìdílé kan tó wá láti Kàríbíà, ẹ ní kí wọ́n máa gbé, kí wọ́n máa jẹun, bí àwọn òbí wọn ṣe ṣe ní Brixton. Emma Dabiri wà lára àwọn tó ṣe atọ́kùn rẹ̀, ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Mo pe gbogbo ilé wá wò ó nítorí orúkọ yẹn nìkan. Ní 2022 ẹ ṣe ti àwọn ará Gúúsù Éṣíà ní Birmingham. Ó dáa. Àmọ́ ọjọ́ tí ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ìtàn bẹ̀rẹ̀ nínú àwọn ètò wọ̀nyẹn. Ohun jíjẹ wa ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní Liverpool kí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa tó mọ ohun tó ń jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ mú ayé Victoria, tí ẹ ṣe pẹ̀lú kéèkì àti tíì rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti sọ àwọn ẹrú di òmìnira nínú àwọn ilẹ̀ tirẹ̀ láàárín 1834 sí 1838, inú aráàlú dùn. Ní 1846 wọ́n ṣe òfin kan tó mú kí owó ibodè orí ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gba, ibi yòówù kó ti wá. Ṣúgà Cuba àti ti Brazil ráyè wọlé ní iye tó rọjú. Àwọn wo ló ń gé ìrèké ní Cuba àti Brazil lọ́dún náà? Ẹrú ni wọ́n. Ní Cuba, 1886 ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀, ní Brazil, 1888. Ọ̀yọ́ Ilé sì ti tú kí 1846 tó dé, ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ wa, ọmọ Yorùbá ń gba etíkun lọ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Lùkùmí ni wọ́n ń pè wọ́n ní Cuba, Nagô ní Bahia ní Brazil. N kò lè nàka sí kéèkì kan kí n sọ pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá ńlá mi ló gé ìrèké inú rẹ̀. Ẹ̀yin náà kò sì lè sọ pé òun kọ́.

Kí ni agé-ìrèké náà ń jẹ? Ní Cuba, ẹja òkun oníyọ̀, ẹran gbígbẹ oníyọ̀, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò. Iyọ̀ pọ̀ níbẹ̀ ṣáá. Àmọ́ àwọn kan nínú wọn kò gbàgbé. Lọ sí Salvador ní Bahia lónìí, wàá rí obìnrin tó wọ aṣọ funfun jókòó ti agbada epo pupa ní ẹ̀bá títì, ó ń din àkàrà. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wà ni, wọ́n bó o, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n pò ó, epo gbóná ló wọ̀. Èyí tí wọ́n wé sínú ewé tí wọ́n sì sè, abará ni, ìbátan ọ̀lẹ̀lẹ̀. Wọ́n ń fi edé sí i. Ọmọ mi lọ síbẹ̀ fún ìsinmi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó pè mí lórí fóònù, ẹnu rẹ̀ kún, ó ní, "Màámi, àkàrà Ẹ̀gbá ni o." Mo ní kó jẹ́ kí n rí i. Mo wo bí obìnrin náà ṣe ń fi ṣíbí ju ú sínú epo, ó ń yí ọwọ́ díẹ̀ bó ti ń ju ú. Ìyá ìyá mi ló ń ju àkàrà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ọ̀sẹ̀ kan, ilé méjì, ọdún 1943. Ẹ fi ènìyàn méjì sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ìwé òṣùwọ̀n wọn, ẹ fi méjì sí Èkó. Kí àwọn méjèèjì máa rí ohun tí àwọn kejì ń jẹ. Ní Èkó, àdògán àti igi ìdáná ni, ìkòkò amọ̀, ọlọ fún ata. Kí ẹ má gbé ẹ̀rọ ìlọta kankan síbẹ̀, mo ti rí àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó gbà pé láti ọ̀run ni ẹ̀rọ ìlọta ti wá. Ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀, gaàrí mímu lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá pẹ̀lú ẹja ọ̀sà lálẹ́. Lọ́jọ́ kejì, kí gaàrí tán lọ́jà. Kí ẹni tó ń jẹun lọ kan ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé lóru, kó bẹ obìnrin alágbàtà, kí obìnrin náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kò sí. Lọ́jọ́ kẹta, kí wọ́n pa èkùrọ́, kí wọ́n sì gbé e lọ sórí ìwọ̀n, kí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa wò wọ́n bó ti ń fi mágárínì pa búrẹ́dì tirẹ̀. Dókítà tó bá máa yẹ̀ wọ́n wò, ẹ sọ fún un kó wo àtàńpàkò wọn náà.

Ti iyọ̀, ẹ fi síkàáwọ́ mi.

Ẹ má sọ ọ́ di ètò ẹkún o. Ohun tó mú kí The Supersizers dùn ni pé wọ́n ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá ìyá mi náà kò sọ ìtàn iyọ̀ rí láìrẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá bá ti ogun ṣe tán tí ẹ sì fẹ́ lọ sẹ́yìn sí i, ẹ ṣe oúnjẹ ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú ọdún 1492. Kò ní sí gaàrí, torí ẹ̀gẹ́ kò tíì dé. Kò ní sí àgbàdo, kò sí tòmátò, kò sí ata rodo, kò tilẹ̀ sí ṣọ̀ǹbọ̀: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti gba orí òkun wá. Iṣu, ẹ̀wà, ọkà bàbà, ẹ̀gúsí, irú, atare àti ìyèré ni kí alásè fi wá nǹkan ṣe. Mo sọ èyí rí nílé oúnjẹ kan ní Peckham, pé àwọn baba ńlá wa kò mọ ata rodo. Ọkùnrin kan gbé àwo rẹ̀ kúrò ní tábìlì tí mo wà.

Ẹ kò ní san owó alásè. Mo ti fẹ̀yìn tì, ọwọ́ mi dilẹ̀, mo ní ọlọ ìyá mi nínú yàrá ìkẹ́rùsí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ní kí n gbé e jù sí ọgbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Ẹ̀gẹ́ á wà lábẹ́ òkúta fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó kan dáadáa, kó tó ṣeé yan, pàápàá tó bá jẹ́ pé gaàrí Ìjẹ̀bú lẹ fẹ́. Àgbàdo á rẹ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí n tó lọ̀ ọ́, kí n tó sẹ́ ẹ. Tí ẹ bá pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé pé kámẹ́rà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, omi lásán ni wọ́n máa mu.

Èmi ni tiyín,
Alásè ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù